Fáírọ́ọ̀sì ti lọ, kí ló dé tí ẹsẹ̀ àbúrò mi ò gbéra mọ́?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 33, ni ọ̀fìnkìn pẹ̀lú ibà mú, ó ṣe bí ọjọ́ márùn-ún ó sì lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ọjọ́ kejì kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ọjọ́ kẹrin kò lè dìde lórí àga. Ní ọsibítù wọ́n ní Guillain-Barré ni, pé ara ẹ̀ ló ń bá ara ẹ̀ jà. Abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kan ni wọ́n ń fà sí i lára, a ti dé ọjọ́ kẹta, síbẹ̀ ṣe ló ń burú sí i, ọwọ́ náà ti ń rọ. A ń fi omi gbígbóná wọ́ iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ láràárọ̀, kò yí padà. Ṣé kòkòrò yẹn ṣì wà lára ẹ̀ ni? Kí ló dé tí wọn ò fún un ní oògùn tó máa pa á? Àwọn kan nínú ẹbí ní ká gbé e kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ní steroid ló yẹ kó lò. Èmi ni mo sì sọ fún un pé ọ̀fìnkìn lásán ni, kó lọ sùn. Ṣé ó máa rìn mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdúró ti aláìsàn, ẹ kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, torí ibi tẹ́ ẹ ti ń dá ara yín lẹ́bi yẹn dùn mí gan-an. Ọ̀fìnkìn lásán náà ni. Èmi tí mo ti ń tọ́jú àìsàn yìí bí ogún ọdún báyìí, tó bá jẹ́ èmi ló wá bá lọ́jọ́ tí imú ẹ̀ ń ṣomi, nǹkan kan náà ni màá sọ fún un, màá ní kó lọ sùn kó sì máa mu omi dáadáa. Kò sí àyẹ̀wò tó lè wo ẹni tí ọ̀fìnkìn mú kó sọ pé ti eléyìí máa yíwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú 100,000 èèyàn, ẹnì kan sí méjì ni àìsàn yìí ń mú lọ́dún, ẹ wá wo iye èèyàn tí ọ̀fìnkìn ń mú láàárín ọdún kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ láti gbé ti tó yín.

Ká wá bọ́ sórí kòkòrò yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹsẹ̀ bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ara ti ṣẹ́gun ẹ̀. Ibí yìí ló máa ń rú gbogbo èèyàn lójú, wọ́n á ní tí kòkòrò bá ti lọ, kí ló tún ń jà á, wọ́n á sì máa bínú sí dókítà pé ó ń fi oògùn du àwọn. Ẹ wò ó báyìí, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wọ ara ẹ̀, ara rán àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ jáde, lára wọn ni antibody wà, kálukú wọn ló sì ní àmì tó ń wá kiri lára ọ̀tá, àmì yẹn nìkan ló mọ̀, kò mọ nǹkan míì. Wọ́n ṣiṣẹ́, ibà lọ. Àmọ́ lára nọ́ọ̀fù èèyàn, ìyẹn okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọpọlọ àti ara, oríṣi ọ̀rá kan wà tí ṣúgà so mọ́ lára, ganglioside ni wọ́n ń pè é, ó sì lè jọ àmì tó wà lára kòkòrò míì bí ìbejì ṣe ń jọra. Antibody tí wọ́n ní kó lọ mú Táíwò wá lọ ń mú Kẹ́hìndé, kò sì mọ̀ pé òun ṣi èèyàn mú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló rò pé òun ń jẹ́. Ara ò lè kó irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ jọ lọ́jọ́ kan, ìyẹn ló fà á tí ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi máa ń wà láàárín ọ̀fìnkìn àti ẹsẹ̀. Oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì ò rí nǹkan kan pa níbẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ la ń wá bá a ṣe máa dá lẹ́kun.

Kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ló ń fà á o. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ní in ló máa ń rántí pé ọ̀fìnkìn tàbí ìgbẹ́ gbuuru ṣe àwọn ṣáájú, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Campylobacter tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, bakitéríà nìyẹn, òun náà la rí ẹ̀rí tó dúró jù lórí ẹ̀ pé àmì ara ẹ̀ àti ti nọ́ọ̀fù jọra. Nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì, cytomegalovirus wà níbẹ̀, Epstein-Barr wà níbẹ̀, Zika náà tún jáde, ní French Polynesia ní 2013 sí 2014 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé bí Zika ṣe ń jà ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ ń pọ̀ sí i, ó sì tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bràsíl ní 2015. Àìsàn náà fúnra ẹ̀ ti pẹ́, ní 1916 nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni Guillain, Barré àti Strohl, dókítà ológun ilẹ̀ Faransé làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ nípa sójà méjì tí ẹsẹ̀ wọn rọ tí ara wọn sì padà yá. Orúkọ Strohl ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń ká mi lára torí òun ló ṣe àyẹ̀wò nọ́ọ̀fù wọn. Bí àbúrò yín ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ ohun tó fún un ní ọ̀fìnkìn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, ìtọ́jú ẹ̀ ò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ iṣan, torí èdè wa ń ṣi àwa náà lọ́nà níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é, èyí tó ń le téèyàn bá rìn jìnnà, iṣan náà ni, okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sẹ́sẹ̀, a tún ní iṣan ni. Ẹni tó bá wá gbọ́ pé iṣan ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ á rò pé ká ṣáà wọ́ ọ dáadáa ló kù. Okùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mò ń pè ní nọ́ọ̀fù látàárọ̀, òun ló ń ṣàìsàn, ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọpọlọ pé, mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn náà pé, ó ń gbọ́ yín, ó mọ̀ yín, kì í ṣe sítíróòkù. Sítíróòkù sábà máa ń mú apá kan ara lẹ́ẹ̀kan náà, èyí mú ẹsẹ̀ méjèèjì ó wá ń gòkè bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá fẹ́ fi òòlù kékeré yẹn kan án lábẹ́ orúnkún, ẹ dúró wò ó: ẹsẹ̀ ẹni tí ara ẹ̀ le máa ta síwájú fúnra ẹ̀, tiẹ̀ á kàn wà bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń ní kí ẹbí aláìsàn jókòó kí n kan tiwọn náà lórúnkún kí wọ́n rí ìyàtọ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún máa sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Omi gbígbóná yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a dúró lónìí. Nọ́ọ̀fù tó ń rán iṣẹ́ lọ náà ló ń bá èèyàn gbọ́ ìgbóná wá sílé, omi lè bó o lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀.

Ohun tó ń kó yín láyà sókè jù ni pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ó sì ń burú. Àìsàn yìí ní bó ṣe ń rìn. Ó máa ń gòkè fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ló ń dé téńté ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á wá dúró sójú kan, ìdúró yẹn lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè jẹ́ oṣù, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà sí i, antibody tí wọ́n kó jọ látinú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó yọ̀ǹda ni, gírámù 0.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń bá a paná ìjà náà kó má bàa jó jìnnà. Kò ní tún èyí tó ti jó kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun retí pé lọ́jọ́ kẹta kó dìde, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un ni, àwa dókítà la jẹ̀bi ìyẹn, a máa ń gbé abẹ́rẹ́ kọ́ a ò ní sọ pé ara lè kọ́kọ́ rọ sí i kó tó dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ojú yín sí kì í ṣe ẹsẹ̀ rárá, èémí ni. Nínú 100 aláìsàn, 20 sí 30 ló ń nílò ẹ̀rọ tó ń báni mí fún ìgbà díẹ̀, torí nọ́ọ̀fù tó ń darí mímí náà wà lára àwọn tí ìjà yìí lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò jẹ́ gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo tọ́jú. Mo ní kó mí sínú dáadáa kó wá máa ka nọ́ńbà sókè láti oókan láìtún mí. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ó ka dé 28, nírọ̀lẹ́ ó ka dé 19, ilẹ̀ Túsìdeè mọ́ ó dúró ní 11. Gbogbo ìgbà yẹn ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ohun tí wọ́n fi há a níka ń sọ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 97, ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní kò sí nǹkan kan. Àmọ́ nọ́ńbà orí ìka yẹn kì í tètè já, ó lè wà lókè títí á fi ku díẹ̀ kí èémí pin. A gbé e lọ sí yàrá ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru, a sì fi ẹ̀rọ sí i lójú mọ́mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ara gbogbo wa ṣì balẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí ẹ̀. Ní ọsibítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, a ò ka nọ́ńbà, ìka la ń wò, ọmọbìnrin kan sì lọ mọ́ wa lọ́wọ́ lóru. Ẹ ní kí àbúrò yín kà á láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kọ iye tó dé sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Tó bá ń dín, tàbí tí ikọ́ ẹ̀ ò bá lágbára mọ́, tàbí tí omi ń há a lọ́fun, tàbí tí ohùn ẹ̀ yí padà, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ní ẹ fẹ́ dúró kí dókítà yípo dé. Kí wọ́n máa ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù pẹ̀lú, nọ́ọ̀fù tó ń darí ìyẹn náà lè ṣe ségesège, ìfúnpá á lọ sókè fíofío ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún já wálẹ̀.

Ti steroid yẹn, oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, mo mọ ibi tí ẹni yẹn ti mú un, torí nínú àwọn àìsàn míì tí ara ti ń bá ara jà, steroid ló ń paná ìjà náà. Níbí, wọ́n dán an wò, kò ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fẹnu mu tiẹ̀ tún lè dá ara yíyá dúró. Oògùn méjì ló dúró: abẹ́rẹ́ tó ń gbà yìí, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí antibody wà nínú ẹ̀ kí wọ́n sì fi omíràn rọ́pò. Láti 1992 tí wọ́n ti fi méjèèjì wéra ní Nẹ́dálándì la ti mọ̀ pé agbára wọn dọ́gba. Tí wọ́n bá tó kan lé èkejì kò fi nǹkan kan kún un, ó sì yé èèyàn, tí ẹ bá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fà sí i náà lẹ ń fọ̀ dànù. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n tún abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún yẹn fún un lẹ́ẹ̀kejì, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí tiẹ̀ le gan-an, àmọ́ ìwádìí kan tún jáde ní Nẹ́dálándì ní 2021 pé kò ran wọn lọ́wọ́, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ dídì àti wàhálà míì pọ̀ sí i, mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ ni ẹni tí ara ẹ̀ ti ń yá tó tún padà rọ, tàbí tó ṣì ń burú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyẹn lè jẹ́ ìbátan ẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, CIDP, òun sì ń gbọ́ ti steroid. Kẹ́ ẹ gbé e kúrò ńkọ́? Tí ibi tó wà bá ní ẹ̀rọ tó ń báni mí tó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lóru, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tí kò bá ní, kí wọ́n gbé e lọ síbi tó ní in báyìí tó ṣì ń ka nọ́ńbà dé òkè, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá a lọ nínú ọkọ̀, kí wọ́n má sì já abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró sójú ọ̀nà. Kẹ́ ẹ dédé gbé e sínú mọ́tò torí inú ń bí ẹbí, ìyẹn ni mi ò fẹ́.

Ẹ lè bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú pé òun ni. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fa omi lẹ́yìn ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni purotéènì tó pọ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ò pọ̀, ó sì lè má hàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má bàa gbọ́ pé "kò sí nǹkan kan níbẹ̀" kẹ́ ẹ rò pé irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Tí kò bá lè tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìlà kan wà níkùn ẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ sọ fún wọn kíákíá, torí ìyẹn ń tọ́ka sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló máa sọ òótọ́ ẹ̀, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀. Ọ̀fìnkìn tàbí èéyi lè mú kí ara bá ọpọlọ fúnra ẹ̀ jà, pàápàá lára ọmọdé, orí ọmọ á máa fọ́ ọ, á máa ṣe bí ẹni oorun ń kùn. Ti àbúrò yín ò jọ ìyẹn rárá.

Ṣé ó máa rìn? Tí mo bá ní mo mọ ọjọ́, mo ti purọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú 100 èèyàn, bí 80 ló máa ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn láìsí ẹni tó dì wọ́n mú tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà. Mẹ́ta sí méje ń kú, èémí, ẹ̀jẹ̀ dídì, kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn ló sábà máa ń fà á, mi ò ní fi pamọ́ fún yín, òun náà sì ni mo ṣe ń pariwo nọ́ńbà kíkà yẹn. Àwọn tó kù ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá tàbí kí ó pẹ́ kí wọ́n tó gbéra, mo ti rí ẹni tó jẹ́ ọdún kejì ló tó kọ́ bó ṣe máa di bọ́tìnnì ẹ̀ padà. Ohun tó ń pín wọn níyà ni pé nọ́ọ̀fù ní èèpo, ó sì ní inú. Tó bá jẹ́ èèpo ni wọ́n jẹ, èèpo máa ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù. Tí wọ́n bá jẹ dé inú, nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́ ni nọ́ọ̀fù fi ń dàgbà, láti ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà sì ju 900 mìlímítà lọ, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ rí ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń gbẹ̀yìn. Àyẹ̀wò iná mànàmáná tí wọ́n ń fi sí nọ́ọ̀fù lára lè sọ èwo ni. Ọjọ́ orí ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ọmọ ọdún 33 sàn fún wa ju ẹni 70 lọ. Ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ló ṣe é ṣáájú, ìyẹn náà sàn. Kó padà mú un lẹ́ẹ̀kejì ò wọ́pọ̀, bí ẹni méjì sí márùn-ún nínú 100. Àárẹ̀ ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún, ó lè ti máa rìn kí ara ẹ̀ má gbà á ju ìdajì ọjọ́ lọ, fún oṣù pípẹ́, kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ní báyìí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn ẹ̀ má dégbò, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀, kí físíò máa bá a ká oríkèé ẹ̀ kó má bàa gan. Tó bá dé orí ẹ̀rọ, kò ní lè sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló máa gbọ́, ẹ má ṣe sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ò ní sọ lójú ẹ̀. Ẹ kọ álífábẹ́ẹ̀tì sórí páálí ńlá kan, ẹ máa fọwọ́ tọ lẹ́tà, kó ṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá dé èyí tó fẹ́. Ẹ sọ fún un pé òru lè mú kó rí nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó máa ń ṣe àwọn tó wà ní irú yàrá yẹn, kì í ṣe wèrè. Ìrora ńkọ́? Ẹ ò kọ púpọ̀ nípa ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ̀rora tó lágbára, ní ẹ̀yìn, ní itan, aṣọ ìbora lásán lè máa ta wọ́n lẹ́sẹ̀, Panadol sì lè má kápá ẹ̀, oògùn ti nọ́ọ̀fù wà tí wọ́n lè kọ fún un. Ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀, táwọn èèyàn sì ń sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ pé ẹsẹ̀ náà ń dun òun, ó rò pé wọn ò ní gbà á gbọ́. Ẹ bi í lónìí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un.